Sọ Tìrẹ

Onídìrí ló mú ìròyìn náà wọlé láàárọ̀, bó ṣe máa ń mú gbogbo ìròyìn wọlé kí ẹnikẹ́ni tó fọnu. Ó ní òun gba iwájú pápá bọ́ọ̀lù kọjá, òun sì rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì. Ọmọbìnrin mẹ́ta péré ni wọ́n mú nínú gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan á kó wọn lọ, wọ́n á máa gbé níbẹ̀, wọ́n á máa jẹ, wọ́n á máa kàwé, wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù, lọ́fẹ̀ẹ́, títí wọ́n á fi jáde.

"Orúkọ Ṣókí ló ṣíwájú," ni Onídìrí wí. Ó wá dákẹ́, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ń wo ojú Télọ̀.

Télọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aṣọ iléèwé kan ló ń rán, ọrùn rẹ̀ nìkan ló kù. Kò gbójú sókè.

"Ti Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ńkọ́?"

"Bóyá ojú mi ni ò ríran dáadáa. Ẹ lọ wò ó fúnra yín."

Ojú Onídìrí ríran. Ojú tó fi ń di irun tín-tìn-tín látàárọ̀ dalẹ́, kò lè ṣàì rí orúkọ ọmọ ẹni lára géètì.

Télọ̀ ni ìyàwó Káfíńtà. Káfíńtà àti àbúrò rẹ̀ ló jọ ń gbé ilé náà, ìyàwó àbúrò yìí ló sì ń fọṣọ fún àwọn ará àdúgbò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Alágbàfọ̀. Ilé ìdáná kan, ẹ̀rọ omi kan, okùn ìsáṣọ kan. Télọ̀ bí Pẹ́lẹ́ńgẹ́, Alágbàfọ̀ bí Ṣókí, ogójì ọjọ́ péré ló sì wà láàárín àwọn ọmọ méjèèjì. Nítorí ogójì ọjọ́ yìí, Ṣókí ò gbọdọ̀ pe Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lórúkọ. Télọ̀ ló ṣe òfin náà nígbà tí wọ́n ṣì ń rákòrò: "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Bó jẹ́ ọjọ́ kan ló fi jù ọ́, ẹ̀gbọ́n ni." Àwọn ará àdúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n Ṣókí ń pè é bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nílé ìdáná, Alágbàfọ̀ ti gbọ́. Kò pariwo ayọ̀. Ó mọ ilé tí òun ń gbé. Ó kàn fọ́ ẹyin mẹ́rin sínú epo gbígbóná, ó gé búrẹ́dì, ó pín in sórí àwo méjì, ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀, ọ̀kan fún Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Télọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó rí àwo méjèèjì.

"Ìyàwó, kí lèyí?"

"Oúnjẹ àwọn ọmọ ni, ìyálé mi."

"Ṣé mo ní kí o bá mi bọ́ ọmọ ni? Tàbí àánú rẹ̀ ló ń ṣe ọ́?"

"Ẹyin lásán ni, ìyálé mi."

"Àná tó jẹ́ pé orúkọ ẹnikẹ́ni ò tíì jáde, ta lo dín ẹyin fún?"

Alágbàfọ̀ ń fi ṣíbí fá ìdí páànù tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Káfíńtà tó ń fá ilẹ̀kùn lágbàlá ló dá sí i, ó ní, "Jẹ́ kí ọmọ jẹun," ó sì padà sídìí igi rẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó, ó jẹ ẹyin tirẹ̀ tán, ó fi búrẹ́dì nu àwo. Nínú gbogbo ilé, òun nìkan ni ìròyìn náà ò yà lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó rò pé ìbànújẹ́ ló sọ ọ́ di odi.

Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ rẹ̀: owú ni Télọ̀ ń jẹ. Ọdún mélòó ló ti ń sọ fún àwọn tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé ẹsẹ̀ ọmọ òun ló máa gbé òun wọ ọkọ̀ òfuurufú? Ọmọ tirẹ̀ tó ga, tó rẹwà, tí gbogbo èèyàn ń wò bó bá gbá bọ́ọ̀lù sókè. Ṣókí wá ni wọ́n mú, Ṣókí ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, tó máa ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín, tí ìyá rẹ̀ ń sá aṣọ ìbora olówó kiri. Ká ní ọmọ àjèjì ni, ì bá sàn. Ọmọ àjèjì ò ní máa pọn omi níwájú ẹni láràárọ̀.

Ó ká aṣọ iléèwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láì rán ọrùn rẹ̀ tán, ó wọ bàtà, ó jáde.

Ilé epo ni Kóòṣì ti ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Obìnrin gìrìpá ni, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ò tẹ̀ dáadáa mọ́ láti ìgbà tí òun náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ojúkojú làwọn òbí ń pè é lẹ́yìn, torí pé ojú ẹ ni yóò ti sọ ọ́. Ó di irin epo mú sẹ́nu ọkọ̀ kan, ó ń wo nọ́ńbà tó ń sáré lórí ẹ̀rọ.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mo mọ ohun tí ẹ bá wá."

"Bí o bá mọ̀ ọ́n, dáhùn."

"Ẹ jẹ́ kí n ta epo yìí tán."

Ó ta á tán, ó gba owó, ó dé ọkọ̀ náà lẹ́nu, ó wá kọjú sí i. Ó ní, "Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ bọ́ọ̀lù gbá ju Ṣókí lọ. Mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kì í lé e. Á gbọ́wọ́ lé ìbàdí, á máa wo ẹni tó máa bá a gbà á. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lẹ́sẹ̀ Ṣókí, ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń mú ọmọ ò wá ọmọ tó ń dúró."

"Kóòṣì tó wà níbẹ̀ kí o tó dé sọ pé kò sí irú rẹ̀."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mẹ́rìnlélógójì, mà. Gbogbo wọn ló gbà á gbọ́. Ibo ni wọ́n wà báyìí?"

Télọ̀ mú ohùn le. "Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ kó tó di òní?"

"Mo sọ ọ́ fún un nígbà márùn-ún. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní bó bá ń ṣe báyìí lọ, orúkọ rẹ̀ ò ní sí níbẹ̀. Mo ní kó sọ fún yín."

"Irọ́ ni. Ọmọ mi ò ní fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pa mọ́ fún mi."

Ọkọ̀ míì ti wọlé, awakọ̀ rẹ̀ ń fọn fèrè.

"Ẹ bi í léèrè, mà," ni Kóòṣì wí, ó sì tiro lọ sídìí ẹ̀rọ kejì.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àdúgbò yìí gan-an ló yẹ kí wọ́n ti kọ òwe náà sára ògiri. Nígbà ayé Kóòṣì ẹlẹ́nu dídùn, àwọn òbí ń gbé omi tútù lọ fún un ní pápá. Láti ìgbà tí Ojúkojú ti dé, tó ń sọ fún ọmọ pé ẹsẹ̀ òsì rẹ ò ṣiṣẹ́, ìwọ máa ń pẹ́ dé, ìwọ lo jẹ́ kí wọ́n gbá a wọlé, kò sẹ́ni tó bu omi fún un mu rí. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí Télọ̀ ì bá lọ bi ọmọ rẹ̀ nílé, kò bi í. Ó gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ Alága lọ.

Alága ìgbìmọ̀ bọ́ọ̀lù àdúgbò ń ta ọ̀dà. Agolo kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé àjà, òórùn rẹ̀ sì ń ta èèyàn nímú láti títì. Ó fún Télọ̀ ní àga, ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń mi orí bí ẹni tó ń bá a sunkún.

"Kò sóhun tí ò ní àtúnṣe," ó wí. "Ọwọ́ Kóòṣì ni yíyàn wà, mi ò lè dá sí ìyẹn. Àfi tó bá ta ko òfin. Bí àpẹẹrẹ, ọmọ tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún, a ò lè mú un. Ṣé ẹ mọ nǹkan kan nípa ọmọ tí wọ́n mú yìí?"

Ó fi ọ̀rọ̀ náà síwájú rẹ̀ bí ẹni gbé àwo oúnjẹ kalẹ̀ fún àlejò. Télọ̀ sì jẹ ẹ́.

"Ó ti lé," ó wí. "Ó ti lé dáadáa. Ilé kan náà là ń gbé, ṣé èmi ni mi ò ní mọ̀?"

Alága kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun ò ní dárúkọ ẹni tó sọ fún òun. Télọ̀ ò bi í pé ta ló máa wá rọ́pò Ṣókí, torí lójú tirẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló wà láyé tó lè rọ́pò rẹ̀. Owú kì í jẹ́ kéèyàn ronú jìnnà. Kì í tilẹ̀ jẹ́ kéèyàn ka oṣù.

Ní aago mẹ́rin, àwọn òbí ti kún ẹ̀gbẹ́ pápá, àwọn ọmọ ti gbá bọ́ọ̀lù tán, wọ́n jókòó yíká lórí koríko. Bí Kóòṣì ṣe máa ń ṣe nìyẹn lẹ́yìn gbogbo eré. Sọ Tìrẹ ló ń pè é. Kí òun tó sọ̀rọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ bà jẹ́. Ẹni tó bá dárúkọ ẹlòmíì pé òun ló jẹ̀bi, kò ní gbá eré tó ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lóhùn. Àwọn òbí kórìíra rẹ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí èèyàn á máa fi ẹnu ara rẹ̀ ba ara rẹ̀ jẹ́ níwájú aráyé.

Ọmọ tó ń ṣe aṣọ́lé sọ pé òun kánjú jáde. Ó kan Ṣókí. Ó ní, "Mo rí ẹ̀gbọ́n mi lápá òsì, kò sẹ́ni tó dí i lọ́nà. Mi ò fún un ní bọ́ọ̀lù. Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo máa gbá a wọlé." Ó jókòó.

Ìgbà náà ni Alága dé, pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá. Ó kí gbogbo èèyàn, ó ní ó dun òun láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan tó mọ ilé wọn dáadáa ti fi tó òun létí pé Ṣókí ti kọjá ọdún tí òfin wí. Aago márùn-ún lòun máa fi orúkọ ránṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ṣìkẹrin ló máa lọ.

"Ta ló ṣìkẹrin?" ẹnì kan bèèrè.

"Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta irin," ni Alága wí, ó sì yára ṣí fáìlì rẹ̀.

Télọ̀ gbọ́ ọ. Ó dúró sẹ́yìn Onídìrí. Gbogbo ìyà tó jẹ ara rẹ̀ látàárọ̀, ọmọ oníṣòwò irin ló fi ń ṣe lálejò.

"Ọmọ tèmi?" Alágbàfọ̀ ń béèrè. Ó ti ibi aṣọ wá, ọṣẹ ṣì wà lápá rẹ̀. "Ọmọ tèmi ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ sí?" Ẹni tó mọ ilé wọn dáadáa. Àwọn ará àdúgbò ń wo koríko, wọ́n ń wo òkè, wọ́n ń wo ibi gbogbo àfi ojú Télọ̀.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dìde láàárín àwọn ọmọ.

"Kóòṣì, ó kàn mí."

"Sọ tìrẹ."

"Bọ́ọ̀lù bọ́ lẹ́sẹ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta lónìí, ẹ̀ẹ̀kan ni mo lé e. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn lẹ ti sọ fún mi pé orúkọ mi ò ní sí níbẹ̀. Ẹ ní kí n sọ fún màmá mi. Mi ò sọ fún wọn. Mo ní èmi lẹ máa fi ṣe olórí ẹgbẹ́." Kò tíì jókòó. "Ó ku ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n Ṣókí ni mí. Ogójì ọjọ́ ni mo fi jù ú, gbogbo èèyàn ló mọ̀. Bó bá ti lé, èmi ti lé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yọ èmi náà kúrò nínú ẹgbẹ́."

Onídìrí rẹ́rìn-ín, ó tún yára fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ náà gbójú sókè, ó wo ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì jókòó. Kò dárúkọ ẹni tó parọ́ náà.

Alága yí ohùn padà. Ó ní ẹnu ò tó, ìwé ọjọ́ ìbí lòun fẹ́ rí, ó sì fi ọwọ́ lu aago rẹ̀. Aago mẹ́rin ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Alágbàfọ̀ bá yíjú padà.

"Ìyálé mi, inú àpótí yín ni ìwé àwọn ọmọ wà."

Òótọ́ ni. Gbogbo ìwé ilé náà ló wà níbẹ̀, láti ìgbà tí òjò ti ń wọ yàrá Alágbàfọ̀. Télọ̀ ni àgbà ìyàwó, ọ̀dọ̀ àgbà ni nǹkan ń wà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé yín," ni Alágbàfọ̀ wí.

"Dúró ti ọmọ rẹ. Mò ń bọ̀."

Nílé, ó ṣí àpótí náà, ó rí ìwé méjèèjì nínú ọ̀rá kan náà, wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ó ya ti Ṣókí sọ́tọ̀, ó jókòó sórí ibùsùn, ó gbé e lé itan. Ikán lè jẹ ìwé. Omi lè dà sí ìwé. Ta ni yóò wádìí? Ó rí Ṣókí lójú ara rẹ̀, tó ń gbé báàgì ńlá wọ ọkọ̀, ó rí Alágbàfọ̀ tó ń juwọ́ sí i, ó rí ara rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń rán ọrùn aṣọ ọmọ ọlọ́mọ. Ó dùn ún wọ egungun. Kò fẹ́ kí ọmọ yẹn lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè nínú yàrá yẹn, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Káfíńtà dúró sẹ́nu ọ̀nà, igi fífá kún irùngbọ̀n rẹ̀.

"Kí lo ń wá?"

Ó sọ fún un. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà, torí kò lókun láti tún ronú èyí tó máa fi pa mọ́. Káfíńtà gbọ́ ọ tán. Ó wo ìwé tó wà lórí itan rẹ̀. Télọ̀ ń retí kó bú òun, ara rẹ̀ ń wá èébú náà kí òun lè rí ohun tí òun máa bá jà.

"Aago mẹ́rin ti kọjá ogójì ìṣẹ́jú," ni Káfíńtà wí, ó sì padà sídìí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ojú tí ọmọ rẹ̀ fi wò ó ló gbé e dìde. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ tirẹ̀ níwájú aráyé, ó mọ ti ìyá rẹ̀, kò sọ ọ́. Télọ̀ bọ́ bàtà, ó sáré. Kò sáré rí láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ń béèrè pé ta ló kú.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà nígbà tó nawọ́ ìwé náà sí Alága. Alága kà á, ó tún un kà, ó ń wá ibi tó ti bàjẹ́. Kò rí i.

"Ó dára," ó wí níkẹyìn. "Ṣókí á lọ. Ẹni tó parọ́, Ọlọ́run á dárí jì í. Èmi ò ní dárúkọ." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Télọ̀, bí ẹni pé àwọn jọ jẹ gbèsè ara wọn.

Ilẹ̀kùn àṣírí nìyẹn. Ó lè gba ibẹ̀ lọ sílé. Àwọn ará àdúgbò á fura, ìfura ò sì pànìyàn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ṣì jókòó yíká lórí koríko, Kóòṣì ò tíì tú wọn ká. Télọ̀ rìn lọ síbẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ láàárín ọmọ méjì tí kò mọ̀ rí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán.

"Ó kàn mí," ó wí.

Kóòṣì ní, "Ẹ sọ tiyín, mà."

"Èmi ni mo lọ bá Alága. Mo mọ ọjọ́ tí wọ́n bí Ṣókí, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Mo jowú rẹ̀. Mo ṣì ń jowú rẹ̀ títí di báyìí."

Kò sẹ́ni tó fèsì, torí òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kì í fèsì. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé orí lé orúnkún.

Alágbàfọ̀ ò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ Alága, ó wá dúró níwájú Télọ̀, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ fún un láràárọ̀.

"Ẹ ṣeun tí ẹ mú un wá, ìyálé mi."

Télọ̀ nawọ́ láti gba ìwé náà, kó lè dá a padà síbi tó ti ń wà láti ọdún yìí wá. Alágbàfọ̀ ká a sí mẹ́rin, ó tì í bọ àyà ara rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó máa wà lọ́wọ́ mi."

Ó dìde, ó pe Ṣókí, wọ́n mú ọ̀nà pọ̀n. Nígbà tó ṣe, Télọ̀ àti ọmọ rẹ̀ náà tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn lọ́nà kan náà, torí ilé kan náà ni gbogbo wọn ń lọ.